Igbá Láwóyin, Iná Àrìnpé

Láyé ijọ́un, tọkọtaya kan ń gbé ní Abà Olókòtó. Láwóyin lorúkọ ọkọ, Àrìnpé lorúkọ ìyàwó. Èèyàn burúkú kọ́ ni àwọn méjèèjì. Mo tètè ń sọ èyí nítorí mo mọ̀ pé bí ìtàn yìí bá dé ìdajì, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á á ti máa wá ẹni tí ẹ máa di ẹ̀bi rù. Ẹ máa wá a títí, ẹ ò sì ní rí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí.

Àgbẹ̀ paraku ni Láwóyin. Ọkọ́ kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àléébù tó ní kò ju ẹyọ kan lọ: kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti rí àpò tí wọ́n fa okùn ẹnu rẹ̀ pinpin, bí ẹnu Láwóyin ṣe rí nìyẹn. Bàbá tó bí i lọ́mọ kò yàtọ̀. Ìgbàgbọ́ ìdílé wọn ni pé oògùn tí a bá dárúkọ kí ó tó jẹ́, omi lásán ló dà. Nítorí náà, ohun yòówù tí ọkùnrin ilé náà bá dáwọ́ lé, ó di ìgbà tó bá yọrí kí ìyàwó tó gbọ́ sí i.

Àrìnpé ní tirẹ̀, ìmọ́tótó ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Kí ojú tó mọ́ dáadáa ni ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ń dún lójúde. Wọ́n máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ lábà pé bí ewé bá fẹ́ jábọ́ lẹ́nu ọ̀nà Àrìnpé, ó ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà obìnrin tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ kì í bá wọn rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Ọmọkùnrin méjì ni Àrìnpé ti bí rí, ọdún tí ilẹ̀ gbóná sì ni àwọn méjèèjì lọ. Ẹ mọ àrùn tí mò ń wí, èyí tí í fi ìléròrò bo èèyàn láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn àgbà kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an, torí wọ́n gbà pé ẹni tó bá pè é ti ké sí i nìyẹn. Ọmọ àkọ́kọ́ ló kọ́ mú. Wọn kò tètè sun aṣọ tó fi bora títí tó fi kú, àbúrò rẹ̀ sì mú aṣọ náà bora lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òtútù ń mú un. Nígbà tí wọ́n sin èkejì tán, obìnrin àgbà kan mi orí, ó ní, "Ẹ ò bá ti tètè sun aṣọ yẹn." Kò ní i lọ́kàn láti dá a lóró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Àrìnpé lára, kò sì jáde mọ́.

Lẹ́yìn èyí ló bí ọmọbìnrin kan. Wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ọmọ náà sì dúró. Ó rìn, ó sá eré, ó ti ń fi ẹnu kékeré bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Òun nìkan ni Àrìnpé ní láyé.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, oúnjẹ kò sí lábà. Iṣu ọdún tó ṣáájú kò ta, àgbàdo gbẹ mọ́lẹ̀ kí ó tó yọmọ. Oko ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí Láwóyin gbójú lé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà, Oyèékànmí, tó ń gbé ní òdìkejì odò. Ọkùnrin náà wá kí wọn, ó rí bí Málọmọ́ ṣe gbẹ, ó sì sọ pé bí ẹ̀gẹ́ yìí bá tún kọ̀, kí wọ́n gbé ọmọ náà wá sílé òun kó máa rí nǹkan jẹ. Láwóyin dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Àrìnpé náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ bàjẹ́. Ìyàwó Oyèékànmí kò rọ́mọ bí. Ìgbàkígbà tó bá wá sábà, Málọmọ́ ló máa ń gbé sórí itan, tí á máa fi ọwọ́ pa á lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àrìnpé mọ̀ pé ọmọ tí ebi bá gbé kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àyó kì í tètè gbé e padà. Ó wá di pé gbogbo ewé tó bá yọ lórí ẹ̀gẹ́ yẹn, ojú ọmọ rẹ̀ ló ń rí níbẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ni àwọn tata yọ. Kì í ṣe igbó ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá o. Ẹ̀yìnkùlé Láwóyin ni wọ́n ti hú jáde látinú ilẹ̀, lábẹ́ àwọn igi wẹ́wẹ́ tí oòrùn kì í dé, níbi tí àwọn ìyá wọn ti yé ẹyin pamọ́ sí lọ́dún tó kọjá. Àrìnpé lọ da omi nù láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ilẹ̀ tó ń rìn. Ọmọ tata ni, dúdú, wínníwínní, wọ́n so mọ́ra wọn lórí koríko débi pé koríko tẹ̀. Obìnrin tó ń gbá ojúde tó ń dán, kò sígbà kankan tó rò pé ó yẹ kí òun gbá abẹ́ igbó ẹ̀yìnkùlé. Ta ló sì ń gbá a? Ó sáré mú ìgbálẹ̀, ó pe àwọn obìnrin yòókù, wọ́n gbá wọn jọ, wọ́n da eérú gbígbóná lé wọn, wọ́n da omi híhó sí i. Èyí tí wọ́n pa pọ̀. Èyí tó ṣẹ́kù pọ̀ jù ú lọ. Nígbà tí àwọn tó kù fi dàgbà, tí wọ́n ní ìyẹ́, oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n kọrí sí.

Oko Láwóyin àti ti Ọdẹ́lámì, aládùúgbò rẹ̀, ló fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Pèrègún nìkan ló pààlà sáàárín wọn. Àwọn méjèèjì ti jà rí nítorí pèrègún yẹn, Baálẹ̀ sì ti parí rẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ìjà ààlà, kì í parí tán. Tata ò mọ ààlà ní tiwọn. Wọ́n ń jẹ tọ̀tún, wọ́n ń jẹ tòsì.

Nígbà tó yá, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ilẹ̀ tutù, ìrì ń sẹ̀, kùrukùru kì í tètè ká nílẹ̀ lóko. Ìgbà yẹn ni Láwóyin bẹ̀rẹ̀ ìṣe kan tí kò yé ìyàwó rẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, á gbé igbá kan tó fi ewé bò, á kọrí sóko. Bí ó bá dé, ojú rẹ̀ á fúyẹ́ díẹ̀. Àrìnpé bi í léèrè ohun tó wà nínú igbá. Ó ní bó bá jẹ́, á rí i. Àrìnpé fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àfi bí ó bá jẹ́ ìyàwó kékeré kan ló ń gbé oúnjẹ lọ fún lóko. Láwóyin rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti jáde lẹ́nu rẹ̀, inú ìyàwó rẹ̀ sì dùn sí ẹ̀rín náà débi pé kò béèrè mọ́. Èmi a máa rò ó pé, ká ní ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Láàárín ìgbà yẹn kan náà ni Málọmọ́ tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ ṣa igi lóko. Àwọn ọmọ abà a máa mú tata, wọ́n á fa ìfun rẹ̀ yọ, wọ́n á sun ún jẹ. Lọ́dún ìyàn, ẹran ni. Àrìnpé gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀ tó na nǹkan kan sí i.

"Ìyá mi, ẹ wo èyí. Ó wọ aṣọ funfun."

Tata kan ni. Ó ti kú, àmọ́ kò jábọ́ sílẹ̀ bí òkú tata yòókù. Ṣóńṣó igi ẹ̀gẹ́ ni ọmọ náà ti ré e wálẹ̀, níbi tó ti fi gbogbo ẹsẹ̀ gbá igi mọ́ra. Nǹkan funfun kan hù jáde láàárín oríkèé ara rẹ̀ bí òwú, ó sì ń kù bí ìyẹ̀fun sí ìka ọmọ náà. Àrìnpé wo òkè ẹ̀gẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, ó rí òmíràn. Ó wo ẹ̀gbẹ́, ó tún rí òmíràn. Gbogbo wọn gbá igi mọ́ra, gbogbo wọn ti bu. Awọ ara ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ló wá sí i lọ́kàn, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde. Ó gbá nǹkan náà dànù lọ́wọ́ Málọmọ́, ó gbé e sáré lọ sódò, ó fi iyanrìn ha ọwọ́ rẹ̀ títí ọmọ náà fi ń sunkún pé ó ń ta òun.

Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè dá a lẹ́jọ́. Lójú tirẹ̀, bí òun bá la ẹnu pé àrùn ti wọ oko, òun ti pè é wálé nìyẹn. Bí aráyé bá sì gbọ́, ta ni á tún wá fọn iná nílé tí ilẹ̀ ti gbóná rí? Ó ti gbé nínú ìyẹn rí, nígbà tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yà fún un lójú ọ̀nà odò bí wọ́n bá rí i lókèèrè. Ó tún wo Láwóyin, ó ní ti ebi tó ń rò yìí tó o. Àrìnpé wá gba iṣẹ́ náà ṣe fúnra rẹ̀. Láràárọ̀, kí ìrì tó gbẹ, á gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sóko, á fi ewé di ọwọ́, á máa já àwọn òkú tata funfun náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí ẹ̀gẹ́. Kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Kódà nígbà tó bá rí òmíràn lórí ẹ̀gẹ́ Ọdẹ́lámì, á tẹsẹ̀ kọjá pèrègún, á já a, torí ó mọ̀ pé àrùn kì í dúró sí ẹ̀yìn ààlà. Á kó wọn lọ sẹ́bàá ọ̀gán kan, á dáná sun wọ́n, á dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi di eérú. Bó ṣe ń sun wọ́n ló ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu pé lọ́tẹ̀ yìí, òun tètè sun ún.

Ọdẹ́lámì rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó dúró lẹ́yìn pèrègún, ó ní Ìyá Málọmọ́ kú iṣẹ́ o. Àrìnpé dáhùn, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ara bo iná náà. Ọdẹ́lámì rí bó ṣe fi ara bò ó. Àgbà ni, ó mọ̀ pé ohun tí obìnrin bá ń ṣe lóko ọkọ rẹ̀, tí kò fẹ́ kí ojú rí, aládùúgbò kì í tọ́ ọ. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ọkọ á gbé igbá lọ nírọ̀lẹ́, ìyàwó á gbé apẹ̀rẹ̀ lọ láàárọ̀, ẹnì kìíní ò sì bá ẹnì kejì lójú ọ̀nà.

Láwóyin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì. Á ti oko dé, á jókòó, á máa wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó bú jáde pé ẹnìkan ń ṣe òun, ẹnìkan ń tú ohun tí òun ń dì. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ta ni. Ó ní òun ò tíì lè sọ, àmọ́ ọ̀tá kì í jìnnà, ẹni tó bá bá èèyàn jà nítorí ààlà rí ló lè jà á lólè oko. Àrìnpé bu omi fún un. Ó jókòó tì í, ó fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Inú bí i gidigidi sí ẹni tí kò mọ̀ yẹn, tó rí ilé tí ebi ń pa tó sì tún ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní,

"Ẹni tó ń ṣe wá yìí, ọmọ ò ní dúró tì í."

"Àṣẹ," Láwóyin dáhùn.

Málọmọ́ ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ dáwọ́ dúró lójijì, oòrùn gba ojú ọ̀run. Ìrì kò sẹ̀ mọ́. Àrìnpé gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sóko láàárọ̀, kò rí òkú tata funfun kankan. Ó tún lọ lọ́jọ́ kejì, kò rí i. Ó kúnlẹ̀ sáàárín oko, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè pé àrùn náà ti lọ, pé Málọmọ́ ti bọ́. Níbi tó kúnlẹ̀ sí, àwọn tata tó wà láàyè ń já lé e lórí, wọ́n ń jẹ ewé lókè orí rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ìró ẹnu wọn.

Wọ́n jẹ ewé tán. Nígbà tí ewé tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó èèpo igi. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, oko tó ń gbani lójú tẹ́lẹ̀ di igi funfun gọ́ńgọ́ tó to lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Láwóyin wú ìdí bíi mélòó kan wò. Gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ tó le bí okùn ló bá nílẹ̀. Igi tí ì bá gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ pàápàá ti kú. Oko Ọdẹ́lámì náà kò sàn ju bẹ́ẹ̀. Oyèékànmí gbọ́ ní òdìkejì odò, ó ránṣẹ́ pé òun ń retí ọmọ.

Lọ́jọ́ tí ìránṣẹ́ yẹn dé ni Láwóyin mú ẹjọ́ Ọdẹ́lámì lọ bá Baálẹ̀. Wọ́n pe gbogbo ilé jọ sábẹ́ igi ìyeyè, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kan. Àrìnpé gbé Málọmọ́ pọ̀n sẹ́yìn, bí ọmọ náà tilẹ̀ ti dàgbà kọjá ẹni à ń pọ̀n. Láwóyin ní Ọdẹ́lámì ló ba oko òun jẹ́, pé ó ń ré ààlà kọjá láti jí oògùn òun. Ọdẹ́lámì ní òun ò mọ oògùn kankan. Baálẹ̀ ní kí Láwóyin sọ ohun tí oògùn náà jẹ́. Láwóyin dákẹ́. Baálẹ̀ ní bí kò bá sọ ọ́, kí oníkálukú máa lọ sílé, ẹjọ́ tí a kò rí inú rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè dá a. Ọjọ́ yẹn ni okùn ẹnu àpò já.

"Bàbá mi ló fi hàn mí," Láwóyin wí. "Olú kan wà tó ń hù nínú tata láàyè. Bó bá ti wọ inú rẹ̀, tata á gun orí igi lọ, á gbá a mọ́ra, á kú síbẹ̀. Olú náà á wá hù jáde lára rẹ̀, funfun bí òwú, ìrì àti atẹ́gùn á gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ ran àwọn yòókù. Mo ṣa díẹ̀ nínú wọn pamọ́, mo ń fọ́ wọn sómi igbá, mo ń wọ́n ọn sórí ẹ̀gẹ́ nírọ̀lẹ́, mo ń wọ́n ọn sí ti Ọdẹ́lámì náà, torí tata ò mọ ààlà. Èyí tó kù, mò ń fi wọ́n sílẹ̀ lórí igi tí wọ́n kú sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kò ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ọmọdé lè mú un dání. Bí ẹnìkan ò bá fọwọ́ kàn wọ́n, tata inú oko yẹn ì bá ti kú tán kí òjò tó dá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé oko, n kì í bá ẹyọ kan. Ẹnìkan ń já wọn."

Àrìnpé gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmọ́ gbólóhùn kan ni etí rẹ̀ dì mú, pé ọmọdé lè mú un dání. Ó rántí ọwọ́ Málọmọ́ nínú iyanrìn odò. Ó rántí gbogbo iná tó dá lẹ́bàá ọ̀gán, bó ṣe ń dúró tì í, bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn. Lẹ́yìn náà ló rántí èpè tó ṣẹ́. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wá wúwo lójijì bí ẹni pé wọ́n di òkúta sí i.

Baálẹ̀ mú àdá kan jáde, ó ní kí Ọdẹ́lámì fi ẹnu kan irin, kí ó búra pé òun kò já a, òun kò sì rí ẹni tó já a. Ọdẹ́lámì tètè dáhùn pé òun kò já a. Nígbà tó kan ti rírí, ó dákẹ́. Ojú rẹ̀ lọ sápá ibi tí àwọn obìnrin dúró sí, ó bá ojú Àrìnpé pàdé, ó sì tètè gbé e kúrò. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Láwóyin ní kí wọ́n wo ojú olè bó ṣe ń wo ilẹ̀. Ọdẹ́lámì na ọwọ́ síwájú láti gba àdá náà.

Àrìnpé mọ̀ pé ó fẹ́ fi irọ́ kan irin nítorí òun. Ó mọ ohun tí irin máa ń ṣe fún ẹni tó bá fi irọ́ kàn án. Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó rìn jáde láàárín àwọn obìnrin, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Baálẹ̀.

"Ẹ má gbé àdá fún Bàbá Ọdẹ́lámì," ó wí. "Ẹ má wá ọ̀tá lọ sí oko ẹlòmíràn mọ́. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ọ̀tá ti yọ, gbogbo ẹ̀yin obìnrin lẹ bá mi gbá a. Èmi ni mo já òkú wọn. Èmi ni mo sun wọ́n. Mo rò pé àrùn tó pa àwọn ọmọ mi ló tún dé, mi ò fẹ́ kó mú èyí tó kù. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ṣe Láwóyin, inú ilé rẹ̀ ló ń gbé. Òun ló ń se oúnjẹ tí Láwóyin ń jẹ."

Baálẹ̀ gbé àdá náà sílẹ̀. Àwọn tó rò pé Láwóyin máa nà án ń wò ó, ṣùgbọ́n Láwóyin kò dìde. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó ti dúró tẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún. Ọdẹ́lámì ló wá fà á dìde nígbẹ̀yìn, ọkùnrin tí Láwóyin ti fi ojú olè wò, ó sì di apá rẹ̀ mú títí wọ́n fi délé.

Nínú ilé ni ọkọ àti ìyàwó tó rí ọ̀rọ̀ sọ.

"O ò sọ fún mi," Láwóyin wí.

"Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi," Àrìnpé dá a lóhùn.

Ohun tí wọ́n sọ kò ju ìyẹn lọ. Kò sí ẹni tó dárúkọ èpè nínú wọn, kò sì sí ẹni tí kò rántí rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹni tó ṣe àṣẹ sí i wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ará abà jí, wọn kò gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ Àrìnpé. Ó ń wẹ ọmọ ni. Ó wẹ̀ ẹ́, ó fi òrí pa á lára, ó fi aṣọ kan ṣoṣo tó dára tó kù nílé wé e. Málọmọ́ ń bi í pé ṣé ìyá òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní òun ń bọ̀. Láwóyin gbé ọmọ náà kọ́ èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Àrìnpé tẹ̀lé wọn dé etí omi, ó sì dúró síbẹ̀ nígbà tí omi dé Láwóyin ní ìbàdí, ó dúró síbẹ̀ nígbà tí wọ́n gòkè ní òdìkejì, ó ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí igbó gbé wọn mì.

Òjò padà wá lẹ́yìn ìgbà náà. Ilẹ̀ tún mú oúnjẹ jáde. Ọdẹ́lámì lọ bá wọn tọrọ igi ẹ̀gẹ́ ní abà mìíràn, òun àti Láwóyin sì jọ gbìn ín. Láti ọdún yẹn, kò sí ẹni tó tún já òkú tata funfun lórí ẹ̀gẹ́ mọ́ ní Abà Olókòtó. Àwọn ìyá ló ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n gbá igi mọ́ra sí. Àrìnpé lọ sí òdìkejì odò láti lọ gba ọmọ rẹ̀. Ó bá a tó dì mọ́ ìró ìyàwó Oyèékànmí, tó ń yọjú wò ó láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní kó fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i kí ara rẹ̀ tún le. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò lé e. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, wọ́n sì ń sìn ín sọ́nà.

Nígbà tí Málọmọ́ ti di wúńdíá, ó wá sábà lọ́dún kan láti wá kí wọn. Ó dàgbà dáadáa, ara rẹ̀ ń dán, wọ́n kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó bá Àrìnpé lójúde, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ bí àlejò ṣe ń kúnlẹ̀ kí onílé.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Abà."

Àrìnpé ní kó dìde. Ó ní ó kú ewu ọ̀nà. Ó wọlé lọ bu omi fún un, ó sì pẹ́ nínú ilé kó tó gbé omi náà jáde.

Ọ̀rọ̀ tí Àrìnpé sọ lábẹ́ igi ìyeyè lọ́jọ́ yẹn kò kú. Àwọn tó gbọ́ ọ gbé e lọ sí abà mìíràn, àwọn yẹn gbé e lọ sílùú. Bó ṣe ń lọ, wọ́n ń gbẹ́ ẹ, wọ́n ń pọ́n ọn, títí ó fi mú. Lónìí, orogún ń fi í bú orogún, ọmọ ìyá ń fi í fura sí ọmọ ìyá, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ á rò pé nípa ìkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ìyá kan tó fẹ́ràn ilé rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ara rẹ̀ ló sì fi sọ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé.